Ìsọ̀ Wàrà ti Kigali àti Ẹ̀kọ́ Tí Ó Wà Níbẹ̀ fún Àdúgbò Wa

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí Ó fi oúnjẹ ṣe okun fún ara, tí Ó sì fi ìjókòópọ̀ ṣe okùn ìfẹ́ láàrin àwọn ẹrú Rẹ̀. Kí ikẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànọ́bì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàhábà rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ àti ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti pẹ́ tí a ti ń rò, tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí. Bí ọmọ Mùsùlùmí bá kírun Mọ̀gáríbì tán, tí àkókò Ìṣáì kò tíì tó, tí kò sì fẹ́ wọlé lọ jókòó ti ìyá rẹ̀, níbo ni kí ó gbà lọ? Nígbà tí àwa wà ní ọmọdé ní Ìṣẹ́yìn, igi odán wà ní ojúde, iwájú ilé àwọn ahunṣọ sì wà. Bí òṣùpá bá yọ, àwọn àgbà a máa pa àlọ́, àwọn ọ̀dọ́ a máa ta ayò. Lónìí, a ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí ojúde, a sì ti gé igi odán. Ohun tí ó ń dúró de ọmọ ní ìta ni ìsọ̀ ọlọ́tí, tábìlì oníparaga, àti ilé tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù. A ń kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀, òdodo sì ni a sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó dí ọ̀nà mẹ́ta tí kò ṣí ọ̀kan, kò tíì júwe ọ̀nà fún arìnrìn-àjò. Bí a bá fẹ́ gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé, nǹkan mìíràn ni a máa ń fi sí i lọ́wọ́.

Ìrìn-àjò kan ni ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé wa dáadáa. Ní ọdún 2019, ìpàdé àwọn olùkọ́ èdè Lárúbáwá gbé wa dé Kigali, olú-ìlú Rwanda, ní ìhà ìlà-oòrùn Áfíríkà. Ilẹ̀ olókè ni ilẹ̀ náà, débi pé ilẹ̀ ẹgbẹ̀rún òkè ni wọ́n ń pè é. Àdúgbò kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Nyamirambo ni a dé sí. Ibẹ̀ ni a ti mọ àwọn Mùsùlùmí Kigali mọ́ láti ìgbà àwọn oníṣòwò Lárúbáwá àti Swahili tí wọ́n wá láti etí òkun. Àwọn Mùsùlùmí kò pọ̀ ní Rwanda, ṣùgbọ́n ní Nyamirambo, bí o bá kí sàlámà ní òpópónà, ìwọ yóò rí ẹni dá ọ lóhùn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Mọ̀gáríbì, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n gbà wá lálejò ní kí a jẹ́ kí àwọn mú wa lọ sí ibi tí àwọn ti máa ń sinmi. Kí a má purọ́, ọkàn wa kò balẹ̀. A wo ara wa lójú, àwa olùkọ́ mẹ́ta tí a wọ jálámíà. Ìgbà tí a dé ibẹ̀ ni a rí i pé àwòrán màlúù ni wọ́n kùn sára ògiri, wọ́n sì kọ "Amata" sí i gàdàgbà. Amata ni wàrà ní èdè wọn. Ìsọ̀ tí wọ́n ti ń mu wàrà ni!

Yàrá kan ṣoṣo ni, kò tóbi ju ṣọ́ọ̀bù télọ̀ lọ. Bẹ́ǹṣì onígi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tábìlì mẹ́rin sì wà láàrin. Àgbá irin kan tí ń dán wà lẹ́yìn ibi tí obìnrin olùtajà dúró sí, kọ́ọ̀pù ńláńlá olétí sì tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ọmọ iléèwé. Oríṣi wàrà méjì ni ó ń tà jù. Èkínní ni inshyushyu, ìyẹn wàrà tuntun tí wọ́n sè, tí èéfín ń rú lórí rẹ̀. Èkejì ni ikivuguto, ìyẹn èyí tí wọ́n jẹ́ kí ó kan, tí ó ki, tí wọ́n ń mu ní tútù. Ẹni tí ó bá ti mu nọ́nọ̀ àwọn Fúlàní wa rí yóò mọ ìdílé tí ikivuguto ti wá. Ẹni tí ó bá wù a fi ṣúgà tàbí oyin sí i. Ẹni tí ebi ń pa a ra ṣapátì, ẹyin sísè, ọ̀gẹ̀dẹ̀, tàbí amandazi, tí ó jẹ́ àbúrò pọ́fúpọ́fù wa.

Àwọn tí ó wà níbẹ̀ ni ó yà wá lẹ́nu jù. Ọlọ́kadà méjì jókòó, akoto méjì-méjì ni oníkálùkù gbé sẹ́bàá ẹsẹ̀, ọ̀kan tirẹ̀, ọ̀kan ti èrò rẹ̀. Bàbá arúgbó kan wà ní kọ̀rọ̀ tí ó ń fi wàrà gbígbóná rọ amandazi jẹ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé wọn. Ìyá kan wọlé pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì kékeré, ó ra tirẹ̀, ó béèrè àlàáfíà ará ilé olùtajà, ó sì lọ. Ọkùnrin kan kò tíì la ẹnu tí wọ́n ti gbé kọ́ọ̀pù rẹ̀ síwájú rẹ̀, nítorí pé wọ́n mọ ohun tí ó máa ń mu. Kọ́ọ̀pù kan ṣoṣo ni ẹlòmíràn fi jókòó fún wákàtí kan, ẹnikẹ́ni kò sì lé e. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, wọ́n ń sọ̀rọ̀ owó ilé, wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ariwo wà, ẹ̀rín wà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tàsé nígbà tí ó dìde. Nígbà tí àkókò Ìṣáì tó, àwọn tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí nínú wọn fọ ọwọ́ fọ ẹnu, wọ́n sì bá wa lọ kírun. Àwọn tí wọn kì í ṣe Mùsùlùmí kí wa pé ó dàárọ̀.

A wádìí ìdí tí wàrà fi níyì tó bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ní màlúù ni ìwọ̀n iyì láti ayé àwọn baba ńlá àwọn. Bí ẹni méjì tí wọn kò tíì rí ara wọn fún ìgbà pípẹ́ bá pàdé, ọ̀kan a ní "Amashyo", ìyẹn ni pé kí o ní agbo màlúù. Èkejì a dáhùn pé "Amashongore", ìyẹn ni pé kí ó jẹ́ agbo abo màlúù. Màlúù ni a fi ń fẹ́ ìyàwó. Ẹni tí inú rẹ̀ bá dùn sí oore tí a ṣe fún un lè ní "Yampaye inka", ìyẹn ni pé ó fún mi ní màlúù. Igbá onígi tí wọ́n ń pè ní icyansi ni wọ́n ń gbé wàrà sí, wọn a sì máa tọ́jú rẹ̀ bí ohun ọ̀wọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìtàn náà. Láàrin oṣù kẹrin sí oṣù keje ọdún 1994, wọ́n pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún ènìyàn ní Rwanda ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọjọ́. Àwọn Tutsi ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Aládùúgbò ni ó fi àdá pa aládùúgbò. Wọ́n pa màlúù wọn pẹ̀lú, wọ́n sì jẹ wọ́n. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ gbọ́ èyí kí orí yín wú: ní àkókò náà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn Mùsùlùmí Rwanda kọ̀ láti bá wọn pa ènìyàn. Wọ́n fi àwọn tí wọ́n ń lépa pamọ́ sínú ilé wọn àti sínú mọ́sálásí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀mí tiwọn náà wà nínú ewu. Títí di òní ni wọ́n ṣì ń fi èyí yìn wọ́n.

Ní ọdún 2006, ìjọba wọn dá ètò kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Girinka, tí ó túmọ̀ sí pé kí o ní màlúù. Wọ́n ń fún ìdílé tálákà ní abo màlúù kan. Bí ó bá bímọ, tí àkọ́bí rẹ̀ sì jẹ́ abo, ẹni tí ó gbà á yóò fa ọmọ náà lé aládùúgbò mìíràn tí kò ní lọ́wọ́. Màlúù tí wọ́n ti pín ti ju 300,000 lọ. Ẹ wo ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó gba ọmọ màlúù lọ́wọ́ aládùúgbò rẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ ń mu wàrà rẹ̀ ní àràárọ̀, yóò ṣòro fún un kí ó tún yọ àdá sí i. Lára wàrà àwọn àgbẹ̀ kéékèèké bẹ́ẹ̀ ni ó ń wọ ìlú, tí ó ń dé inú kọ́ọ̀pù olétí ní Nyamirambo.

Bí a ti jókòó níbẹ̀, ohun tí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ láti ọdún pípẹ́ wá di ohun tí a fi ojú rí. Nínú Súúrà An-Nahl, áyà 66, Ọlọ́hun pe àkíyèsí wa sí i bí Òun ṣe ń mú wàrà mímọ́ gaara jáde láti àárín ìgbẹ́ àti ẹ̀jẹ̀, tí ó sì ń dùn ní ọ̀fun ẹni tí ń mu ún. Ní òru ìrìn-àjò Isrá, wọ́n gbé ọtí àti wàrà síwájú Ànọ́bì wa (kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), wàrà ni ó sì yàn. Ohun kan wà níbẹ̀ tí a kì í sábà wò: kì í ṣe pé wọ́n gbé ọtí wá nìkan kí ó lè kọ̀ ọ́. Ohun mìíràn tí ó dára wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ó lè mú. Àwa ń sọ fún ọmọ wa pé kí ó kọ ọtí, ṣùgbọ́n igbá kejì dà?

Ẹ tún rántí hádíìsì Abú Huráírà tí ó wà nínú Bukhari. Ebi ń pa Abú Huráírà, Ànọ́bì sì rí i lójú rẹ̀. Igbá wàrà kan ṣoṣo ni ó wà nílé Ànọ́bì, ẹ̀bùn sì ni. Abú Huráírà rò pé òun ni yóò mu ún, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí ó lọ pe gbogbo àwọn ará Suffa wá, ìyẹn àwọn aláìní tí wọ́n ń gbé lábẹ́ ibòji mọ́sálásí Ànọ́bì ní Mẹdínà. Gbogbo wọn mu yó, ó kan Abú Huráírà, òun náà mu títí kò fi rí àyè mọ́, Ànọ́bì sì mu ìyókù. Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí èyí ti ṣẹlẹ̀. Wàrà, mọ́sálásí, àti àwọn tí kò ní ibi tí wọn yóò lọ, gbogbo rẹ̀ ló pàdé níbì kan náà.

Bẹ́ẹ̀ sì ni wàrà kò ṣàjèjì sí wa. Láti Ìlọrin dé Ògbómọ̀ṣọ́, láti Ìṣẹ́yìn dé Ṣakí, àwọn obìnrin Fúlàní ń ru igbá wàrà kiri. Wọ́n ń fi omi ewé bọmubọ́mù mú un dì, wọ́n ń gé e, a sì ń rà á jẹ ní tútù tàbí kí a dín in. Wọ́n ń ta nọ́nọ̀, wọ́n sì ń fi fúrà tí a fi ọkà jéró ṣe sí i. Ohun tí kò sí ni ìjókòó. Ẹni tí ó rà á a máa jẹ ẹ́ lọ ni. Kò sí bẹ́ǹṣì, kò sí kọ́ọ̀pù, kò sí ẹni tí yóò béèrè pé báwo ni ilé.

Èyí ni ó mú kí a gbé ọ̀rọ̀ kan dìde ní ìpàdé mọ́sálásí àdúgbò wa ní ọdún tó kọjá. Ṣọ́ọ̀bù méjì ni mọ́sálásí náà ní lójú títì. Ọ̀kan ṣófo. Ẹnì kan wá, ó ní òun yóò fi ṣe ìsọ̀ kọ̀ǹpútà, òun yóò sì san owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà. A wádìí, a rí i pé tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ni kọ̀ǹpútà náà fẹ́ máa ta. Kò sí ẹni tí ó ní kí a gbà á, ṣùgbọ́n òrùlé mọ́sálásí ń jò, gbogbo wa sì mọ̀ pé owó náà yóò bo òrùlé. Ìdákẹ́jẹ́ tí ó wà nínú ìpàdé lọ́jọ́ náà kì í ṣe kékeré.

Àwa wá dábàá pé kí a fún opó Fúlàní kan tí ó ń kiri wàrà ní àdúgbò wa, tí ọmọbìnrin rẹ̀ ń kéwú lọ́dọ̀ wa. Kí a gba owó tí agbára rẹ̀ ká, kí ó máa ta wàrà àti fúrà níbẹ̀, kí àwọn ọ̀dọ́ máa rí ibi jókòó. Ni àgbà kan bá dìde. Màlúù ti jẹ oko ẹ̀gẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí, kò sì rí ẹni san án. Ó ní, "Áfáà, Fúlàní kẹ̀? Ṣé ẹ ti gbàgbé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ìgàngàn ní oṣù kẹfà ọdún 2021?" Kò sí ẹni tí ó gbàgbé. Wọ́n pa ènìyàn ní Ìgàngàn, wọ́n sun ilé, Ìbàràpá kò sì jìnnà sí wa. A kò bá bàbá jiyàn lórí ìrora rẹ̀, nítorí òdodo ni.

A kàn sọ ìtàn Kigali fún wọn, gẹ́gẹ́ bí a ti sọ ọ́ fún yín yìí. A ní obìnrin tí ó ru igbá kọ́ ni ó da màlúù sí oko ẹ̀gẹ́. Ẹni tí ó jẹ wá ní gbèsè ni kí a lọ bá, kí a má ṣe gbà á lọ́wọ́ opó. A tún ní bí àwọn tí wọ́n fi àdá pa ara wọn bá lè fún ara wọn ní ọmọ màlúù, ó yẹ kí àwa tí a jọ ń to sáàfù kan náà lè ra wàrà lọ́wọ́ ara wa. Bàbá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó ní, "Ó dáa, Áfáà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n sè é dáadáa kí èmi tó mu ún o." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ sì yanjú. Àwọn ọ̀dọ́ ní àwọn yóò dá owó òrùlé láàrin ara wọn.

A kò fẹ́ fi oyin sí ọ̀rọ̀ yìí ju bí ó ti yẹ lọ. Wọ́n ti ṣí ìsọ̀ náà lẹ́yìn ọdún Iléyá. Iná mànàmáná kì í dúró, nítorí náà omi dídì ni wọ́n fi ń mú nọ́nọ̀ tutù. Apá kan òrùlé ni a tíì ṣe, apá kejì ṣì ń jò. Ilé tẹ́tẹ́ náà rí ṣọ́ọ̀bù mìíràn gbà ní ìsàlẹ̀ títì, àwọn kan lára ọmọ wa sì ń lọ síbẹ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní alaalẹ́, láàrin Mọ̀gáríbì àti Ìṣáì, bẹ́ǹṣì méjì tí a gbé síwájú ìsọ̀ náà a máa kún. Ọmọ kan wà tí ó ti tó ọdún méjì tí ó ti kúrò ní ilé kéú, tí tábìlì oníparaga ti di ilé rẹ̀. Ó ti jókòó sí bẹ́ǹṣì náà nígbà mẹ́ta. Kò tíì wọ mọ́sálásí, a kò sì bi í. Ó mu nọ́nọ̀ rẹ̀, ó kí wa, a sì kí i. Bàbá ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ ni ó san owó rẹ̀ nígbà kẹta.

Ẹ̀yin ará wa ní ìlú mìíràn tí ẹ fẹ́ ṣe irú èyí, ìmọ̀ràn díẹ̀ rèé. Èkínní, kí wọ́n máa se wàrà kí ó hó dáadáa kí wọ́n tó fi ṣe ohunkóhun, nítorí pé àìsàn bí ikọ́ ẹ̀gbẹ lè ti ara wàrà tútù ran ènìyàn. Èkejì, kí òtítọ́ wà nínú rẹ̀. Àwọn onítàn sọ nípa Kálífà Umar pé ó gbọ́ ní òru tí ìyá kan ń ní kí ọmọ òun bu omi la wàrà, tí ọmọbìnrin náà sì kọ̀, nítorí pé bí Umar kò bá tilẹ̀ rí wọn, Olúwa Umar ń wò wọ́n. Umar fẹ́ ọmọ náà fún ọmọ rẹ̀, ìran wọn ni Kálífà Umar ọmọ Abdul-Azeez sì ti jáde. Ẹ̀kẹta, kí àyè wà fún àwọn obìnrin láti rà kí wọ́n sì jókòó lọ́tọ̀ pẹ̀lú ìtìjú. Ẹ̀kẹrin, ẹ̀yin Áfáà ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ má ṣe sọ ibẹ̀ di kíláàsì. Wáàsí ní àyè tirẹ̀. Bí ọmọ bá wá mu wàrà, ẹ jẹ́ kí ó mu wàrà.

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wa wí. Àwa ń fi kún un pé ọmọ tí a kọ́, tí a kò fún ní ibi jókòó, òde ni yóò máa kọ́ ọ ní ìyókù. Kí Ọlọ́hun fi ìbùkún sí ohun tí a ń mu, kí Ó sì fi kún un fún wa. Kí Ó má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ wa sọnù láàrin Mọ̀gáríbì àti Ìṣáì. Àmín.